Kọfí Tí Gbogbo Ènìyàn Ń Yìn

Ìwà ọmọlúàbí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba kọfí Màmá Dáramọ́lá jẹ́. Ẹ má tíì jà. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìwà rere kì í ba nǹkan jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa láti kékeré, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ kí ẹ tó dá ẹjọ́.

Ọmọ Kemta ni Màmá, inú ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n bí i sí, iṣẹ́ tíṣà ló sì ṣe títí ó fi di ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ń ta ẹja inú yìnyín, àwọn mìíràn jókòó ti ọmọ-ọmọ. Màmá ní tirẹ̀ gba Èkó lọ, ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń po kọfí. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní ta ni yóò máa mu omi dúdú kíkorò ní Abẹ́òkúta, níbi tí ẹ̀kọ gbígbóná wà? Màmá gba ṣọ́ọ̀bù kan ní Òṣíẹ̀lẹ̀, lẹ́bàá títì Ìbàdàn, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, ó ra ẹ̀rọ, ó kan bẹ́ńṣì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Kò pẹ́ tí àwọn tó rẹ́rìn-ín náà fi ń tò síwájú rẹ̀.

Òun àti ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Fákẹ́mi ni wọ́n jọ ń ṣe é. Bàbá Fákẹ́mi, Fálúyì àgbẹ̀, ń gbé abúlé kan lẹ́yìn Òṣíẹ̀lẹ̀, ilé onísẹ̀ṣe sì ni ilé wọn. Abúlé yẹn ni Màmá ti ṣe ọ̀gá tíṣà nígbà kan rí. Ó rí i pé orí ọmọbìnrin náà pé, ó tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó mú un lọ sí Kemta, ó sì rán an níwèé títí ó fi gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́. Àwọn ará ìjọ ní kí Màmá sọ orúkọ ọmọ náà di Olúkẹ́mi, kí “Fá” kúrò níbẹ̀. Màmá ní bàbá ọmọ ti sọ ọmọ lórúkọ, òun kò sì ní owó ìkómọjáde ẹlẹ́ẹ̀kejì. Bí ọdún ilé wọn bá tún dé, Màmá fúnra rẹ̀ ló ń ra obì tí Fákẹ́mi yóò gbé lọ fún bàbá rẹ̀, yóò sì bá a fi ewé dì í kí ó má baà gbẹ lọ́nà.

Oore tó bá tó báyìí, ẹnu kò lè sọ ọ́ tán. Ọjọ́ tí Fákẹ́mi ń kúrò nílé, ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni bàbá rẹ̀ fún un. Ó ní, “Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Má jẹ́ kí ‘ẹ ṣeun’ gbẹ lẹ́nu rẹ.” Fákẹ́mi gba ọ̀rọ̀ yìí ju bó ṣe yẹ lọ. Ohunkóhun tí Màmá bá gbé síwájú rẹ̀, “Ó dùn, mà. Ẹ ṣeun, mà” ni. Bí iyọ̀ bá pọ̀ nínú ọbẹ̀, ó dùn ni. Bí ẹ̀wà bá jóná, ó dùn ni. Ẹnu rẹ̀ ti mọ ọ̀nà yẹn débi pé kì í dúró gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ kí ó tó lọ.

Nínú iṣẹ́ kọfí, lílọ̀ rẹ̀ ló lágbára jù. Ọlọ oníná kan ṣoṣo ló wà ní ṣọ́ọ̀bù náà, ó ní òrùka lọ́rùn, wọ́n sì fín àmì yí òrùka náà ká. Bí a bá yí i sí ọ̀tún, kọfí á kúnná. Bí a bá yí i sí òsì, á rí wóró-wóró. Irú kọfí méjì ni Màmá ń tà. Ọ̀kan ni ti ife kékeré, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní ẹsipírẹ́sò, tí ẹ̀rọ ń fi agbára ti omi gba inú rẹ̀ kọjá. Ìyẹn gbọ́dọ̀ kúnná bíi láfún tí a jọ̀. Èkejì ni alásẹ́, tí wọ́n ń da omi gbígbóná lé lórí díẹ̀díẹ̀ nínú bébà títí yóò fi ro tán sínú ife. Ìyẹn ń fẹ́ kí kọfí rí bíi gaàrí. Bí ó bá kúnná jù, omi á há sínú rẹ̀, kọfí á korò. Bí kò bá kúnná tó, omi á sáré kọjá, kọfí á kan, kò sì ní ní ara.

Àárín méjèèjì ni adùn wà, adùn ọ̀hún kì í sì í jókòó sójú kan. Ọyẹ́ lè ṣí i nípò, òjò lè ṣí i, àpò kọfí tuntun lè ṣí i. Ìdí nìyí tí Màmá fi máa ń dé ṣáájú oníbàárà láràárọ̀. Yóò yí òrùka díẹ̀, yóò lọ̀, yóò da ìlọ̀ àkọ́kọ́ nù nítorí èyí tó ti kù sínú ọlọ tẹ́lẹ̀, yóò tún lọ òmíràn, yóò pò ó, yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò tọ́ ọ wò. Imú rẹ̀ àti ahọ́n rẹ̀ ni òṣùwọ̀n.

Nínú ọyẹ́ tó kọjá, ọ̀fìnkìn burúkú kan dá Màmá dùbúlẹ̀. Ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n òórùn kò padà. Ata rodo di nǹkan tó ń jó ni lẹ́nu lásán, kọfí di omi gbígbóná. Dókítà ní ó lè padà, ó sì lè má padà, kí Màmá máa ní sùúrù. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn àìsàn náà, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra wọn.

“Fákẹ́mi, ẹnu tèmi ti kú,” ló wí. “Ẹnu tìẹ ni mo fẹ́ máa lò báyìí. Èmi á yí ọlọ, ìwọ á tọ́ ọ wò. Ohun tó o bá sọ ni mo máa tẹ̀ lé. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, mà.”

Ife àkọ́kọ́ korò bí ewúro tí wọn kò fọ̀. Fákẹ́mi mọ̀ pé ó korò. Ó la ẹnu láti sọ ọ́, ó wo ojú Màmá, ó rí ìyá àgbàlagbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wọlé, tó ń dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé tó ń retí máàkì. “Ó dùn, mà,” ló bọ́ sílẹ̀. “Ẹ ṣeun, mà.”

Ojú Màmá tàn. “Ọlọ́run ṣeun! Ọwọ́ mi ò tíì gbàgbé.”

Lẹ́yìn ìyẹn, báwo ni ènìyàn ṣe fẹ́ padà lọ sọ pé irọ́ ni? Fákẹ́mi ní ọ̀la ni òun yóò sọ ọ́. Ọ̀la dé, ó di ọ̀tunla. Àpò kọfí tuntun tó dé láti orí òkè Mambila tún dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n ti yan án jù, èyí sì mú kí kíkorò náà le sí i.

Àwọn oníbàárà náà kò ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Alhaji Láwàlì tó ń ta táyà ní òdìkejì títì kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láìmu kọfí Màmá. Lọ́jọ́ kan, ó mu ún dé ìdajì, ó rọra gbé ife sílẹ̀, ó dìde. Ó ní, “Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó dùn gan-an ni. Ọlọ́run á bù kún un.” Wọn kò rí i fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òdìkejì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á sì gba ọ̀nà ibòmíràn lọ́jọ́ kejì. Òṣíẹ̀lẹ̀ kún fún ọmọlúàbí lásìkò yẹn. Gbogbo ènìyàn ń yin kọfí, kò sẹ́ni tó ń mu ún tán.

Fákẹ́mi wá dá ọgbọ́n kan. Ohun tí kò lè fi ẹnu sọ, ó lè fi ọwọ́ ṣe é. Bí Màmá bá ti lọ jókòó sí ìta, yóò yọ́ yí òrùka sí òsì díẹ̀, kọfí á sì dára díẹ̀. Kí wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀bù, yóò yí i padà síbi tí Màmá fi í sí. Nígbà mìíràn ó ń rántí yí i padà, ìkánjú á sì mú kí ó yí i kọjá ibẹ̀ sí ọ̀tún. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, èrò kì í jẹ́ kí ó rántí.

Màmá kì í wo àmì púpọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ bí yóò ṣe yí òrùka láti ti alásẹ́ dé ti ife kékeré, bí ènìyàn ṣe mọ ọ̀nà yàrá rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ṣí ìbẹ̀rẹ̀ nípò, ibo ni ọwọ́ fẹ́ dé? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹlẹ̀ pé kọfí á kúnná jù, ẹ̀rọ á máa kérora, omi kò ní lè kọjá. Lọ́jọ́ mìíràn omi á dà wàrà. Màmá á dúró, á gbé gíláàsì ojú rẹ̀ wọ̀, á wo àmì.

“Ibí kọ́ ni mo fi í sí lánàá,” ló wí lọ́jọ́ kan. “Àbí ibí ni, Fákẹ́mi?”

“Bóyá ibẹ̀ náà ni, mà,” ni Fákẹ́mi dáhùn. “Bóyá ẹ gbàgbé ni.”

Màmá bọ́ gíláàsì náà, ó sì nù ún fún ìgbà pípẹ́.

Láàárín èyí ni ìròyìn ayọ̀ kan dé. Ilé ìtura kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ní Ìbarà ń wá ẹni tí yóò máa fi kọfí bọ́ àwọn àlejò wọn, alábòójútó ibẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Babájídé, sì ní òun yóò wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta láti tọ́ irú méjèèjì wò. Màmá yọ̀ bí ọmọdé. Kọfí tí wọ́n fi í ṣẹ̀sín ní Kemta ni yóò wá jókòó lórí tábìlì àwọn àlejò ìlú! Ó ra aṣọ tábìlì tuntun, ó ní kí Fákẹ́mi fọ gbogbo ife, àti èyí tí ẹnìkan kò lò.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n fẹ́ fi dánra wò. Màmá yí ọlọ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n, ó lọ̀, ó tẹ kọfí mọ́lẹ̀, ó tan ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kérora. Ẹ̀kán dúdú kan rọ̀ sínú ife, kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Màmá paná, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó sì ká ọwọ́ sórí itan.

“Bá mi pe Ọ̀gbẹ́ni Babájídé,” ló wí. “Sọ fún un kó má wulẹ̀ yọ ara ẹ̀ lẹ́nu láti wá.”

“Kí ló dé, mà?”

“Orí mi ni, Fákẹ́mi. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìyẹn. Á fi kọ́kọ́rọ́ síbì kan, á ní ibẹ̀ kọ́ lòun fi í sí. Nígbà tó yá, kò mọ̀ mí mọ́. Ó ń pè mí ní nọ́ọ̀sì.” Ó mí kanlẹ̀. “Imú lọ, mo gbà. Ahọ́n lọ, mo gbà. Tí orí bá wá fẹ́ lọ, ẹ jẹ́ kí n ti ṣọ́ọ̀bù kí n tó di yẹ̀yẹ́ lójú àwọn tí mo kọ́ níwèé.”

Ṣé ohun tí Fákẹ́mi ti ń bá ìyá yìí ṣe nìyí? Obìnrin tó tọ́ ọ, tó jà fún orúkọ rẹ̀, òun ni ó sọ di ẹni tó ń bẹ̀rù orí ara rẹ̀, nítorí pé kò fẹ́ ṣàìmoore. Ó kúnlẹ̀ gbì lórí símẹ́ńtì.

“Mà, orí yín ò lọ. Èmi ni. Èmi ni mò ń yí ọlọ lẹ́yìn yín.”

Màmá gbójú sókè. “Nítorí kí ni?”

“Kọfí náà ò dùn, mà. Ó korò. Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti ní kí n máa tọ́ ọ wò ló ti korò. Mi ò lè sọ ọ́ ni.”

Wọ́n máa ń sọ pé òtítọ́ korò. Lọ́jọ́ yẹn, ẹnu ẹni tó sọ ọ́ ló ti korò jù. Màmá kò tilẹ̀ gbọ́ ti kọfí.

“Orí mi ò lọ?” ló bèèrè.

“Kò lọ, mà. Ibi tẹ́ ẹ bá ní ẹ fi í sí náà lẹ fi í sí. Ẹ ò ṣì í rí.”

Màmá fi épúrọ́ọ̀nù bo ojú. Èjìká rẹ̀ ń mì. Fákẹ́mi rò pé ẹkún ni, ẹkún sì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà nínú rẹ̀. “Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run,” ló ń wí lábẹ́ aṣọ. “Ọpẹ́ ni, ọpẹ́ ni.” Lẹ́yìn náà ló ṣí ojú, inú sì wá bí i.

“Dìde níbẹ̀ yẹn! O fẹ́ fi ‘ẹ ṣeun’ pa mí! Ta ló sọ fún ẹ pé torí kó o lè máa yìn mí ni mo ṣe tọ́ ẹ? Tó bá jẹ́ ẹni tó máa yìn mí ni mo ń wá, ṣé wọ́n tán ní ṣọ́ọ̀ṣì ni? Mo tọ́ ẹ kí n lè ní ẹni tó máa sọ fún mi.”

“Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ má bínú.”

“Mi ò bínú mọ́. Wá síbi ọlọ. Láti òní lọ, mi ò fẹ́ gbọ́ ‘ẹ ṣeun’ kankan nídìí rẹ̀. Ó korò, tàbí ó kan, tàbí ó dùn. Ìyẹn nìkan.”

Màmá yí òrùka, ó da ìlọ̀ àkọ́kọ́ nù, ó po ti ẹ̀yìn rẹ̀. Fákẹ́mi tọ́ ọ wò, ó sọ nǹkan kan sábẹ́ ahọ́n.

“Mi ò gbọ́.”

“Ó korò, mà.”

“Ọ̀fìnkìn ti di etí mi náà.”

“Ó korò, mà!” Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọjá yọjú wọlé, ó rí ojú Màmá, ó bá tirẹ̀ lọ.

“Ó korò bíi kí ni?”

Fákẹ́mi ronú. “Bí ewúro tí wọ́n fọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré.”

“Ẹ̀ẹ̀kan? Ó ti ń bọ̀ nìyẹn.” Màmá yí òrùka sí òsì. Èyí tó tẹ̀ lé e kan bí ògì tó ti pẹ́ nínú omi. Màmá dá a padà díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, tí ọ̀kan ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́, tí èkejì ń fi ẹnu ṣiṣẹ́, títí Fákẹ́mi fi gbé ife kan sẹ́nu tí kò sì gbé e kúrò.

“Ṣé mi ò ní gbọ́ nǹkan kan lónìí ni?” ni Màmá wí.

Fákẹ́mi wo ìsàlẹ̀ ife, ó ti tán. “Ó dùn, mà,” ló wí, ìtìjú sì mú un, nítorí ó dà bí ẹni pé kò sọ ọ̀rọ̀ náà rí láyé rẹ̀. Wọ́n bọ́ sórí alásẹ́, wọ́n ṣe òun náà tán kí oòrùn tó wọ̀. Ara Fákẹ́mi fúyẹ́ lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gbẹ́ni Babájídé dé pẹ̀lú fìlà rẹ̀ àti ẹ̀rín tó dáa. Ó mu ti ife kékeré, ó mi orí pé ó dáa. Nígbà tó kan alásẹ́, Fákẹ́mi ló yí ọlọ. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ó lọ̀ ọ́, ó dà á sínú bébà, ó da omi lé e, ó gbé e fún àlejò.

Ọ̀gbẹ́ni Babájídé mu ún. Ó rẹ́rìn-ín. “Ó dùn, mà,” ló wí. “Ẹ ṣeun gan-an ni, mà.”

Màmá kò wo ojú rẹ̀. Fákẹ́mi ló wò.

Fákẹ́mi bu díẹ̀ nínú èyí tó ṣẹ́kù, ó tọ́ ọ wò. Kíkorò náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀, lẹ́yìn ahọ́n. Bó bá dákẹ́, àlejò á lọ ní ìrọ̀rùn, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ pé òun ló ṣe àṣìṣe. Ó gbé ife sílẹ̀.

“Ti ife kékeré dùn, mà. Alásẹ́ yìí korò díẹ̀. Èmi ni mi ò da ìlọ̀ àkọ́kọ́ nù.”

“Háà, rárá o!” ni Ọ̀gbẹ́ni Babájídé wí. “Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ó dùn, mo ní ó dùn.”

Màmá na ọwọ́, ó gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀. “Ẹ gbé e wá, ọmọ mi,” ló wí. “Ẹ ti ṣe ọmọlúàbí tó.”

Fákẹ́mi tún un lọ̀. Ó da àkọ́kọ́ nù, ó po ti ẹ̀yìn rẹ̀, ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò fúnra rẹ̀, ó mi orí sí Màmá pé ó dùn, kí wọ́n tó gbé e fún àlejò. Ọ̀gbẹ́ni Babájídé mu ún lẹ́ẹ̀kan. Ó tún mu ún. Ó ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún.

“Mà, kí n má purọ́,” ló wí nígbà tó yá. “Pẹ̀lú alásẹ́ àkọ́kọ́ yẹn, mo ti ń wá bí mo ṣe máa lọ tí mi ò fi ní padà wá. Ojú yín ni mò ń wò. Gbogbo ibi tí mo ti dé ni wọ́n ti ń bi mí pé ṣé ó dùn. Ibí nìkan ni wọ́n ti gba ife lọ́wọ́ mi.” Ó mu ìyókù tán. “Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.”

Nígbà tí mọ́tò rẹ̀ ti yà sí títì, Fákẹ́mi po alásẹ́ míì, ó pín in sí ife méjì, òun àti Màmá jókòó ti ara wọn lórí bẹ́ńṣì. Ọpẹ́ kún inú Fákẹ́mi débi pé kò mọ ibi tí yóò ti mú un bẹ̀rẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

“O ṣeun, ọmọ mi,” ni Màmá wí.

Fákẹ́mi fẹ́ kúnlẹ̀. Màmá gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, kò jẹ́ kó dìde.

“Èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí ńkọ́?” ló bèèrè.

Fákẹ́mi tọ́ tirẹ̀ wò, kò sì kánjú. “Ó dùn, mà.”

Òórùn kò tíì padà, ṣùgbọ́n Màmá gbé ife rẹ̀ sẹ́nu. Ó mu ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó mu ún tán, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ètè.

“Lóòótọ́,” ló wí. “Ó dùn.”